Báàsìn Tí Motúnráyọ̀ Ò Fọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti adìẹ ni mo gbé dé.

Adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ lórí ló fò lọ gba Ọláníyì láyà! Yéè! Ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ láti Alákíà, níbi tó ti ń sin adìẹ, wá sí ìsọ̀ aládìẹ l'Ẹ́gbẹ́dà. Ó gbójú sókè, ó rí Motúnráyọ̀ tó ń pa adìẹ níbẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ìyẹ́ lórí bí òdòdó, ẹnu là sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Adìẹ yìí ló yàn yín."

"Adìẹ ọ̀hún, àbí ẹni tó pa á?"

"Ẹ bọ́ṣọ kí n fọ̀ ọ́, ẹlẹ́nu dídùn!"

Ṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fọ̀, ìfẹ́ ló yọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹbí ọkọ ti wá mọ ẹbí ìyàwó. Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀ ló pa adìẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, òun ló dín in.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àrá sán! Ìyá Ọláníyì ń ṣu, ó ń bì, wọ́n gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí ara mókun, ìyá onísùtánà Kérúbù yìí figbe ta: "Ọ̀tá ti fún mi ní májèlé jẹ nílé wọn! N ò fẹ́ ọmọ yẹn mọ́!"

Májèlé kẹ̀? Motúnráyọ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń ro iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àlejò yẹn, ìfun adìẹ kan bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbẹ́ dà sómi báàsìn. Omi yẹn náà ló fi ṣan gbogbo adìẹ, torí bí wọ́n ti ń ṣe nísọ̀ nìyẹn: omi àárọ̀ ni omi ìrọ̀lẹ́. Ó wá da omi nù, ó kó ẹran díndín padà sínú báàsìn kan náà láì fọ̀ ọ́! Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni!"

Ó sáré lọ bá Ọláníyì. "Bí mo bá sọ fún ìyá yín, wọ́n lè kọ̀ mí títí ayé."

"Bó ò bá sọ, apààyàn ni wọ́n á máa pè ọ́. Jẹ́ ká jọ lọ, adìẹ mi."

Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ọláníyì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá dìde fùú. "Ìgbẹ́ adìẹ! Èmi!" Ó wò ó títí. "Ò bá di ẹ̀bi ru ọ̀tá, ara rẹ lo dì í rù. Ó dáa, pa òmíràn níṣojú mi."

Motúnráyọ̀ fọṣẹ fọwọ́, ó fọ̀bẹ, ó rọra fa ìfun jáde lódindi. Adìẹ kan, omi tuntun. Ẹran jinná, abọ́ mìíràn ló bù ú sí. Orin ló ń kọ:

*Adìẹ funfun kọ́ ló mọ́ o,*
*Ọwọ́ tá a fọ̀ ló mọ́!*

Ìyá gé itan jẹ. Ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó lá ìka. "Ọláníyì, ìgbà wo lẹ fẹ́ ká dájọ́ ìgbéyàwó sí?"

Ariwo sọ! Wọ́n jẹ, wọ́n yó, kálukú forí lé ilé rẹ̀, ikùn ẹnikẹ́ni ò sì kùn títí ilẹ̀ fi mọ́.