Fèrèsé Tí Báǹkì Ń Gbà Wò Mí

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ìjì fọ́ fèrèsé yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo wọlé, ọmọbìnrin kan ti na aṣọ ibùsùn bo ojú fèrèsé náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, gbogbo ara rẹ̀ sì tutù rinrin.

"Ẹ̀yin ni onígíláàsì? Mo rò pé ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ di ẹja ni."

"Ẹ má bínú. Ẹja tó ń fọṣọ, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò bí mo ṣe ń gé gíláàsì náà, ó kéré jù, ó sì di dandan kí n padà wá ní ọjọ́ kejì. Inú mi dùn sí i.

Nígbà tó yá, mo ń pè é ní olólùfẹ́ mi, òun náà ń pè mí ní Onígíláàsì mi.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo mú un lọ wo ilé kékeré kan tí èmi fúnra mi fi fèrèsé sí, tí wọ́n fẹ́ tà. Yàrá méjì péré ni. Oòrùn gba iwájú wọlé, ó la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó gba ẹ̀yìn jáde. A dúró sínú rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé ènìyàn lè ní irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílé ara rẹ̀.

"Onígíláàsì mi," ó rọra sọ ọ́, "ibí ni mo fẹ́ darúgbó sí."

Mo lọ sí báǹkì láti yá owó tí a máa fi ra ilé náà. Obìnrin tó ń rí sí irú owó bẹ́ẹ̀ bi mí bóyá mo ti yáwó rí.

"Rárá o, mà! Mi ò jẹ gbèsè rí láyé mi." Mo gbé àyà sókè.

"Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. A ò mọ̀ yín. Ẹ lọ yá owó kékeré, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má yẹ àdéhùn. Tó bá pé ọdún kan, a máa mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́."

Mo yá owó, mo fi ra tábìlì tí mo ń gé gíláàsì lórí rẹ̀.

Bàbá olólùfẹ́ mi gbọ́. Ó pè mí, kò ní kí n jókòó.

"Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì nílé mi rí nítorí gbèsè. Ọmọ yìí ló ń sùn lórí ẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lọ. Mi ò ní fún onígbèsè lọ́mọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..." olólùfẹ́ mi ń bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti sọ tèmi."

Ẹ̀rù bà mí. Kí oṣù náà tó parí, mo kó gbogbo owó tí mo fi pamọ́, mo san gbèsè náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá dì mọ́ mi. Àmọ́ obìnrin báǹkì náà mi orí.

"Gbèsè kékeré yẹn ni fèrèsé tí à ń gbà wò yín. Ẹ ti fi bíríkì dí i. Àfi kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀."

Olólùfẹ́ mi sunkún. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wò mí.

"Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lo ṣe san án?"

"Nítorí ọmọ yín ni, sà."

Ó fa àga fún mi. "Lọ yá òmíràn. Èmi náà á máa bá ọ lọ san án."

Oṣooṣù ló ń bá mi lọ. Ọkùnrin tí kì í gba iwájú báǹkì kọjá ń jókòó tì mí, á di ọwọ́ àga mú. Bí mo bá ti san án tán, á mí kanlẹ̀.

"Wọn ò gbé nǹkan kan?"

"Wọn ò gbé nǹkan kan, Bàbá."

Mo máa ń wò ó, ẹnu á yà mí. Ìfẹ́ ọmọ ló gbé e wọ ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ń gbé.

Ọdún pé, báǹkì gbà. A ṣe ìgbéyàwó, a sì ra ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Bàbá ra bẹ́ẹ̀dì wá. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Eléyìí ò ní kúrò níbí."

Ilé tí oòrùn ń là kọjá yẹn, ẹlòmíràn ti rà á.