Ọ̀gá Ohun-Èlò àti Eré Ìfọkàntán

Wọ́n ṣì ń yí pápá po, aṣọ lójú, ọwọ́ oníkálukú léjìká ẹni iwájú rẹ̀, nígbà tí Àǹtí Atẹ̀wé gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn ilé. Ó rò pé ara ẹ̀kọ́ ni.

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú ni gbogbo wọn: alábòójútó ọmọ òrukàn, olùkọ́ adití, àwọn tó ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò. Iyàrá kan ni wọ́n ń kó irinṣẹ́ wọn sí, kí ẹni tó bá nílò nǹkan lè yá a lò. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà, tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Ohun-Èlò, wọ kóòtù, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé oyin sẹ́nu.

Ó ti sọ fún wọn pé, “Ẹgbẹ́ tí ò bá fọkàn tán ara wọn, irinṣẹ́ kì í tọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ di aṣọ mọ́jú. Kí oníkálukú fún mi ní ohun tó dì mú jù.”

Àwọn kan fún un ní fóònù. Àǹtí Atẹ̀wé fún un ní kọ́kọ́rọ́ iyàrá irinṣẹ́ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Wọ́n rìn, wọ́n kọrin, títí alábòójútó ọmọ òrukàn fi já sí gọ́tà gbì, tí gbogbo ìlà wó lé e lórí bí igi ìdáná. Wọ́n já aṣọ lójú. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ dà? Ó ti rá. Wọ́n sáré dé iyàrá: kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìgbálẹ̀ nìkan ló kù, òun náà sì dùbúlẹ̀ bí ẹni tójú ń tì.

“Ta ló mú ọkùnrin yìí wá?”

“Ṣé kì í ṣe àlejò yín ni?”

“Àlejò tèmi kẹ̀? Nígbà tí mo rí i tẹ́ ẹ ń bá a rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀yin lẹ mú un wá!”

Bí ẹ bá mọ bí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ṣe ń ṣèpàdé, ẹ ò ní bínú sí wọn. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pè dáadáa, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀.

 Ẹ̀rọ Àǹtí Atẹ̀wé wà lára ẹrù tó lọ, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé alámì tí àwọn afọ́jú ń fọwọ́ kà. Ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé afọ́jú ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìwé wọn ò tíì parí. Láìsí ẹ̀rọ yìí, ilé ni wọn yóò jókòó sí di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì kan pè é síwájú tábìlì.

“Ẹ̀yin lẹ fún olè ní kọ́kọ́rọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó yọ ìbọn sí yín?”

“Rárá, sà.”

“Ọ̀bẹ ńkọ́?”

“Ó pàtẹ́wọ́ fún mi ni, sà.”

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀, Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì fọ́jú láti kékeré, gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó mí kanlẹ̀. “Ìyàwó mi, ìwọ fọ́jú fún ìrọ̀lẹ́ kan péré, olè kó odindi iyàrá. Èmi tí mo ti ń bá a bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò jí ìbọ̀sẹ̀ mi rí.”

“Tíṣà, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́.”

“Má sunkún. Ẹnu tó bá ti lá oyin, ó ń padà bọ̀ wá sídìí afárá. Pe àwọn ẹgbẹ́ tó kù.”

Ó pè, ó pè, títí ó fi kan ìyá tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lápá kejì ìlú.

“Oníkóòtù ẹlẹ́rìn-ín yẹn? Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa! Mo tiẹ̀ ti kun ilé nítorí ẹ̀!”

Lọ́jọ́bọ̀, Àǹtí Atẹ̀wé fi awò dúdú bojú, ó wé gèlè dé ìpéǹpéjú, ó gba ọ̀pá funfun ọkọ rẹ̀, Tíṣà sì di apá rẹ̀ mú bí ẹni ń fa afọ́jú lọ́wọ́. Afọ́jú ń fa olójú! Àwọn ọlọ́pàá, tí wọ́n ti ta lólobó, sá pamọ́ sẹ́yìn géètì, Sájẹ́ǹtì wọ aṣọ ilé, ó jókòó sáàárín àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà? Bí ẹgbẹ́ aláàánú ṣe lè dáàbò bo irinṣẹ́ wọn lọ́wọ́ olè! Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kọ́. Kò pẹ́ tí Sájẹ́ǹtì fi gbàgbé ohun tó bá wá, tó nawọ́ sókè.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìkejì yẹn sọ.”

Àǹtí Atẹ̀wé fi ọ̀pá gún un lẹ́sẹ̀.

Ni eré bá kàn. Ọ̀gá Ohun-Èlò ń pín aṣọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Atẹ̀wé, ó rí awò dúdú, ó rọ ohùn. “Màmá, ẹ̀yin ò nílò aṣọ. Ẹ jókòó sábẹ́ igi níbí.” Ó yíjú sí Tíṣà. “Bùọ̀dá, ẹ di tiyín dáadáa. Ẹ má yọjú wò o!”

“Mo búra,” ni Tíṣà wí, “mi ò ní wò.”

“Ẹ di ara yín mú! Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má tú ká!”

Ìlà gbéra, orin ta. Ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Àga onítáyà àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e. Lójú Àǹtí Atẹ̀wé kòrókòró! Ó ṣí awò.

“Olè! Ẹ mú un!”

Ọkùnrin náà yanu sílẹ̀, àga lọ́wọ́. “Màmá, ẹ ríran?”

“Mo ríran ju bó o ṣe fẹ́ lọ!”

Awakọ̀ ṣáná sí ọkọ̀, ó sì sáré kó sọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ní géètì. Ọ̀gá Ohun-Èlò bẹ́ sórí pápá, ó fẹ́ fo ògiri. Sájẹ́ǹtì, tí aṣọ ti ta kókó sí nípàkọ́, fò mọ́ ẹnìkan. “Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!”

“Ẹ fi mí sílẹ̀, alásè ni mí!”

Tíṣà dẹtí sílẹ̀. Ó gbọ́ mímí olè. “Apá ọ̀tún! Ẹ yí i po!” Ìlà ṣẹ́ kọrọ, ó di òrùka, olè wà láàárín.

“Ẹ tú ká! Ẹ̀kọ́ ti parí!”

“Irọ́ ni!” ni gbogbo wọn fi ohùn kan dáhùn. “Ìwọ lo ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀!”

Ọwọ́ Tíṣà bọ́ sí ọrùn kóòtù olè, ó sì dúró síbẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì gbá tábìlì. “Ibo lo kó ẹrù sí?”

“Ilé ìyá mi, sà.”

“Gbogbo ẹ̀? O ò tíì ta ìkankan?”

Olè bú sẹ́kún. “Ta ni mo fẹ́ tà á fún, sà? Ẹgbẹ́ aláàánú ló ń lo irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí tí mo gbé e lọ bá, wọ́n ní kí n yá wọn ná!”

Wọ́n bá ẹ̀rọ Àǹtí Atẹ̀wé ní pálọ̀, ìyá olè ti da aṣọ funfun bò ó, ó gbé òdòdó lé e. Àǹtí Atẹ̀wé gbé òdòdó náà kúrò jẹ́jẹ́, ó sì fara mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ìyá tó rí ọmọ tó sọnù.

Ìwé parí kí ìdánwò tó dé. Lọ́jọ́ náà, iyàrá ìdánwò dákẹ́, ìka àwọn ọmọ nìkan ló ń dún lórí ìwé, ṣìṣì, ṣìṣì, bí òjò wẹ́liwẹ́li. Àǹtí Atẹ̀wé tẹ̀ síwájú láti wo ìwé kan tó kù lórí tábìlì ọkọ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ó ta sí ìwé náà.

Tíṣà fi ìka kàn án, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ìyàwó mi, gbé ojú ẹ kúrò níbí. Àmì ìwé yìí á rọ̀, wọ́n á ní èmi ni mi ò mọ̀wé kà.”