Omi Tútù Lára Mọ́ṣádé

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1983 ni. Ọyẹ́ mú débi pé ètè ń là. Matilda Bọ́dúnrìn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbẹfún, bu ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná sínú kúlà, ó we gèlè rẹ̀ tó dára jù, ó sì wọkọ̀ lọ wo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mọ́ṣádé, ní yunifásítì aládàáni tuntun tó wà lọ́nà Ìjàgun.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí i, síbẹ̀ ó ti ní àṣà àtayébáyé! Òkè òkun ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kàwé, ohun tó sì rí níbẹ̀ ló kó bọ̀: aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀, orin tí ẹnikẹ́ni kò gbédè rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń pè ní ìwẹ̀ àkọ́wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun á tò sórí pápá níṣojú òbí wọn, wọ́n á da omi tó ti sùn síta mọ́jú lé wọn lórí, wọ́n ní àìmọ̀kan ni wọ́n ń wẹ̀ dànù. Iṣẹ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá yunifásítì náà sílẹ̀. Wọ́n ń wádìí ewé, wọ́n ń wádìí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ara ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n fẹ́ da omi sí, wọn ò wádìí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Àmọ́ kí a má purọ́ mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bi Matilda lọ́jọ́ tí Mọ́ṣádé wọlé.

"Mà, ṣé àìsàn kankan wà tó yẹ ká mọ̀?"

"Rárá o. Koko lara ọmọ mi le."

Irọ́ ni. Láti kékeré ni Mọ́ṣádé ti ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí egungun fi ń ro ó títí á fi máa ké. Ìyá rẹ̀ ti mú un fi Bíbélì búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Simeon, olùkọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló fẹ́ fẹ́ ẹ, Matilda sì gbà pé bí ìyá Simeon bá fi lè gbọ́, ìgbéyàwó ti dàrú nìyẹn.

Ta ni Matilda bá lórí pápá ní Sátidé ọjọ́ ìwẹ̀ náà? Ìyá Simeon gan-an, Ìyáàfin Rose, tó ti gba àga sílẹ̀ dè é.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Mọ́ṣádé. Mo ní kí èmi náà wá wo ìyàwó wa."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ọyẹ́ o."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n da omi lé ẹni àkọ́kọ́ lórí, pápá hó yèè. Nígbà tó kan Mọ́ṣádé, ó ń wá ìyá rẹ̀ kiri títí ojú wọn fi ṣe mẹ́rin. Matilda fẹ́ kígbe: Ẹ má dà á sí i lára! Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó yí ojú wo Rose, ó gbé e mì.

Wọ́n da omi náà ṣàà. Rose pàtẹ́wọ́. Matilda náà pàtẹ́wọ́.

Wọn ò tíì ṣí kúlà ìkọ́kọrẹ́ tí Mọ́ṣádé fi ṣubú. "Ìbàdí mi, Màámi! Egungun mi!" Igbe náà mú kí gbogbo orin dákẹ́.

Nílé ìwòsàn, Dókítà Wàhábì bínú gan-an.

"Ta ló da omi tútù sí ọmọ yìí lára nínú ọyẹ́? Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ SS ló ní?"

Matilda mi orí pé òun mọ̀. Kò lè gbé ojú sókè.

"Òtútù, òùngbẹ, ibà, àárẹ̀, ọ̀tá wọn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ wọn á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ọ̀nà tó ń gbà kọjá, ibi tí kò bá sì dé ni yóò máa ro wọ́n. Kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe èpè. Bàbá àti ìyá ló jọ fún un. Ẹ jẹ́ kí irú wọn máa mu omi dáadáa, kí wọ́n wọ aṣọ tó nípọn, kí wọ́n tètè wá sọ́dọ̀ wa. Lékè gbogbo rẹ̀, kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn mọ̀! Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu yín ì bá ti gbà á."

Simeon ti sáré dé. Ó kúnlẹ̀ ti Matilda.

"Mà, Mọ́ṣádé ti sọ fún mi tipẹ́, ó ní òun ò lè tan mí jẹ. Mo ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, AA ni mí. Ó bẹ̀ mí pé kí n pa á mọ́ nítorí yín."

Ẹnu ya Rose, tó tẹ̀lé wọn wá. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Matilda.

"Ẹ jókòó tì mí lórí pápá, ẹ sì mọ̀! Ẹ wá jẹ́ kí n máa pàtẹ́wọ́ sí ikú ọmọ yín!"

Mọ́ṣádé kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ lápá òsì bàjẹ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Yunifásítì náà fòpin sí ìwẹ̀ àkọ́wọlé, lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lọ́jọ́ tí ara Mọ́ṣádé kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màámi, ojú yín ni mò ń wò lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ẹ máa sọ̀rọ̀."



Ẹ̀yin òbí, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú ta ni? Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó fẹ́ ara yín, kí AS má fẹ́ AS láìmọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ pa àṣà tó lè pa ọmọ tì. Bí ọmọ tìrẹ bá sì ní àìsàn yìí, sọ fún olùkọ́ rẹ̀, sọ fún nọ́ọ̀sì, sọ fún ẹni tó fẹ́ di àna rẹ. Má dúró dìgbà tí yóò máa wò ọ́ lójú.