Ilé Tí Ládiípọ̀ Fẹ́ Mọ Tán Lọ́jọ́ Kan

Nígbà tí ìjì oṣù keje kọjá ní Sakété, kò sí ẹni tó mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ sùn. Páànù ilé Bonaventure aládùúgbò wa la rí nínú oko àgbàdo lọ́nà Ita-Djèbou, ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí onílé. Òjò tẹ̀lé ìjì, ó rọ sórí ògiri tí kò ní fìlà mọ́, ògiri sì wó. A dúpẹ́, kò gba ẹ̀mí kankan.

Ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira nìyẹn. Òyìnbó ti lọ, kò sí kọmandàn tí yóò fi pàṣán lé wa síbi iṣẹ́. Àwa la máa tún ìlú wa kọ́. Ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ládiípọ̀, tí ilé tirẹ̀ náà wó, kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ parí. Àjọ̀dún òmìnira ku ọjọ́ méjìlá. Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti Pọbẹ̀, ó sì ti búra pé inú ilé lòun ti máa gbà wọ́n lálejò, kì í ṣe abẹ́ igi bí ẹni tó ń ta ẹran.

Ó ní àna. Séverin, ọmọ ìlú Takon, ló ń fẹ́ Claudine ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ àṣà: bí iṣẹ́ bá wà nílé àna, ọkọ ìyàwó á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan. Kò gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun. Bí bàbá ìyàwó bá ní kó gbé òkè, ohun tó lè bi í kò ju pé ibo ni kóun gbé e sí.

Séverin kó ogún ọ̀dọ́kùnrin wá. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀, àwọn kan ń jù ú sókè, Séverin fúnra rẹ̀ wà lórí ògiri. Oòrùn ò tíì kan àtàrí, wọ́n ti mọ ìpele kejì lé ìpele kìíní, ìpele kìíní ṣì ń ṣomi.

Jádesọ́lá, ìyá àgbà tó ń mọ ìkòkò ní ìkángun àdúgbò, ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó fi ìka tẹ ògiri, ìka wọlé dé oríkèé.

"Ládiípọ̀, ìpele mélòó lo fẹ́ mọ lónìí?"

"Mẹ́rin, ìyá. Tó bá dọ̀la, páànù."

"Orí ẹ̀kọ gbígbóná yìí lo gbé ọmọ ọlọ́mọ dúró sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ìkòkò lẹ mọ̀. Ilé lèyí."

"Kí ni wọ́n fi ń mọ ilé?"

"Amọ̀."

"Kí ni mo fi ń mọ ìkòkò?"

Ládiípọ̀ bu amọ̀, ó jù ú sókè sí Séverin.

"Ogójì ọdún nìyí tí mo ti ń mọ ìkòkò," ni Jádesọ́lá wí. "N kì í mọ ìdí àti ọrùn lọ́jọ́ kan náà. Mo máa ń jẹ́ kí ìdí le kó tó ru ọrùn. Bí mo bá kánjú, ikùn rẹ̀ á yọ, á sì jókòó sílẹ̀. Bí ìkòkò bá wó, mo lè tún un pò. Bí ògiri bá wó lé Séverin lórí, wàá tún òun náà pò?"

Séverin ti mọ̀ ọ́n lára pé ògiri ń mì lábẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àna pé ẹ̀rù ń ba òun?

"Ẹ máa báṣẹ́ lọ," ni Ládiípọ̀ wí.

Jádesọ́lá kò bínú. Ó gbé àpótí ìjókòó kan sí ìdí ògiri. "Ó dáa. Bó bá dá ọ lójú, jókòó síbí kó o jẹun ọ̀sán rẹ."

Ogún ọ̀dọ́kùnrin ń wò ó. Ládiípọ̀ jókòó, ó gba àwo ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja. Ó fi ìgbéraga jẹ òkèlè kìíní. Nígbà tó kan èkejì, amọ̀ já bọ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, kò jẹun mọ́, òkè ló ń wò.

Claudine tó ń pín omi gbé agbè sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Séverin sọ̀ kalẹ̀. Bó bá kú sábẹ́ ògiri yín, ta lẹ fẹ́ fi mí fún? Ògiri?"

Ìgbà yẹn ni Ládiípọ̀ rí i: ikùn ògiri ti là, ó gùn tó apá ọkùnrin. Ó fò dìde. "Séverin, sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo yín, ẹ kúrò níbẹ̀."

Séverin bẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ báyìí, ògiri wú, ó sì rọra jókòó bí arúgbó tó ti rẹ̀. Ó bo àpótí, ó bo ọbẹ̀.

Ládiípọ̀ wo ibi tí àwo rẹ̀ wà. "Ọbẹ̀ yẹn mà dùn o," ló wí.

Ẹ̀rín bú. Ṣùgbọ́n ojú Ládiípọ̀ fà ro. "Ọjọ́ kan ni ọ̀wẹ̀ àna. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan tí wọ́n lọ, ta ló máa bá mi mọ ìyókù?"

"Ṣé ìwọ nìkan ni ìjì bá jà ni?" ni Jádesọ́lá wí. "Kí wọ́n mọ ìpele kan fún ọ, ìkan fún Bonaventure, ìkan fún Huguette opó. Bí ìpele yín bá gbẹ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, Bonaventure á kó ẹbí rẹ̀ wá, àwọn ọmọ Huguette náà á wá, gbogbo yín á jọ yí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po. Ọ̀wẹ̀ ló ń bí ọ̀wẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ilé Ládiípọ̀ ti ga dé àyà, kò ní òrùlé. Ó gba àwọn ará Pọbẹ̀ lálejò nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bu ọtí sódabì fún wọn.

"Òrùlé ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó ń bọ̀. Ògiri tó máa rù ú ló ṣì ń kó agbára jọ."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbọ́ o. Ẹ má mọ ju ìpele kan lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn lé e. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ẹ má sùn sí ìdí ògiri tútù, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré níbẹ̀. Ẹ̀yin bàbá ìyàwó, ọmọ ènìyàn ni àna, kì í ṣe ẹṣin. Ẹ̀yin àna, ẹni tó kú sábẹ́ ògiri kò níyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń kánjú, tó ń búra fún yín pé ògiri òun ti gbẹ, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gbé àpótí fún un, ẹ bu oúnjẹ fún un, kẹ́ ẹ ní kó jókòó sábẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́.