Ògiri Tí Kò Tíì Mu Omi Irúgbá

Tata Habibath, bí a ṣe ń pe àǹtí níbí, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ tí a jọ ń bó irúgbá lábẹ́ igi ní Kika. Àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn sì sọ tiwọn fún mi lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni mo fi lè kọ ọ́ báyìí.

Òjò ni Nafiou bá wọ Kika. Bí ọ̀kadà tí a ń pè ní zém tó gbé e ṣe yà sí ojúde Tata Habibath, ó rí obìnrin kan tó dojú kọ ògiri, tó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, tó fi ẹní bo ògiri náà. Òjò ń pa á. Gèlè rẹ̀ ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò bìkítà. Nígbà tí atẹ́gùn ṣí etí ẹní náà, àyà ló fi tì í padà.

"Ẹ kúkú dúró máa wò mí," obìnrin náà wí láì yíjú. "Tí ẹ bá wò mí tán, ẹ wá bá mi di etí kejì mú."

Nafiou sáré dì í mú. Èjìká wọn kan ara wọn títí òjò fi dá. Nígbà tí wọ́n gbé ẹní kúrò, ó rí agbo màlúù pupa lára ògiri, ó rí ẹyẹ awó alámì funfun, ó sì rí obìnrin kan tó ru igbá wàrà, tó bojú wẹ̀yìn, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ẹni tó bá a di ẹní mú ni ojú obìnrin náà.

"Ta ló yà á?"

"Chakirou."

Bó ṣe pe orúkọ yẹn gún Nafiou láyà, kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ Savè ni Nafiou. Ilé kan tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà ní Parakou ló rán an wá. Chakirou ti ya àwòrán sára ògiri ilé púpọ̀ ní Tchaourou àti Kika kí zém tó gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Parakou, tó sì kú. Kò sí ẹni tó lè tún àwòrán náà ṣe láì mọ ohun tó fi yà á, nítorí oògùn tí kò bá ara mu, pípa ló ń pa aláìsàn. Ẹni kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n: Mounifatou, obìnrin tó fi ẹní bo ògiri, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tata Habibath, tó máa ń bá a lọ amọ̀. Ó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n so yìgì wọn nígbà tí ó kú.

Bẹ́ẹ̀ ni Nafiou ṣe di ẹni tó ń fẹ́ obìnrin kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kó máa bi í léèrè ọkùnrin mìíràn láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́.

"Báwo ló ṣe máa ń mọ̀ pé amọ̀ pupa yìí ti kúnná?"

"Ó máa ń fi àtàńpàkò rẹ̀ fà á sẹ́yìn ọwọ́ mi."

Nafiou gbé awò tó fi ń yẹ ògiri wò kalẹ̀. "Ṣé kò ní ọwọ́ tirẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bi mí, ẹ̀gbọ́n." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ̀ ń jowú ẹni tó wà ní sàréè?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ náà ti sọ ojú yín di pupa."

Nafiou ra gèlè tuntun fún un ní Tchaourou, dípò èyí tí ẹrẹ̀ bàjẹ́. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi rí i tí Mounifatou ń fi gèlè náà nu eruku lẹ́sẹ̀ obìnrin ara ògiri.

"Gèlè tí mo rà fún ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi aṣọ líle kàn án. Kò sí èyí tó rọ̀ tó o."

Tata Habibath rẹ́rìn-ín nídìí ààrò títí ó fi sun ẹkún. Nafiou kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ohun kan ń dà á láàmú. Ògiri tí Chakirou yà ní Tchaourou ti pẹ́ ju ti Kika lọ, síbẹ̀ ó ń dán. Amọ̀ kan náà ni, oje igi tó fi pò ó kan náà ni. Ó kán omi sí ti Tchaourou, omi náà ṣàn lulẹ̀. Ó padà dé Kika, ó kán an sí tibẹ̀, ògiri náà mu ún.

"Mounifatou, kí ni ó wà lára ti ọ̀hún tí kò sí lára èyí?"

Mounifatou yíjú sí ògiri.

"Sọ fún un," Tata Habibath wí.

"Omi èèpo irúgbá. Ọkùnrin ló ń yà á, obìnrin rẹ̀ ló ń se èèpo títí omi yóò fi pọ́n, tí yóò fi ọwọ́ pa á sí ògiri lára. Ìyẹn ló ń pa ògiri dé. Èèpo ń hó lórí iná lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n wá sọ pé ó ti kú. Mo dà á nù. Tí mo bá fi pa ògiri yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó parí."

"O wá ń fi ẹní gba òjò." Nafiou ló wí bẹ́ẹ̀. "Mo jowú rẹ̀, Mounifatou. Mo jowú amọ̀ tó fà sí ọ lọ́wọ́. Mo ti rò ó pé kí n sọ ní Parakou pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, kí òjò ọdún yìí gbé e lọ. Ojú rẹ tó wà níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n ṣe é."

Ó gbé àpò rẹ̀. Ó rọra ń lọ, kó lè gbọ́ tí wọ́n bá pè é. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ní Parakou kí fóònù rẹ̀ tó dún.

"Èèpo ti ń hó," Mounifatou wí. "Ẹ wá lẹ èyí tó ń ṣí mọ́ ara ògiri, kí n tó pa á dé."

Mounifatou lọ amọ̀ pupa nígbà tí Nafiou dé. Nígbà tó kúnná, Nafiou yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó má baà rí bó ṣe máa dán an wò. Mounifatou fa ọwọ́ rẹ̀, ó fi àtàńpàkò fa amọ̀ náà sẹ́yìn ọwọ́ Nafiou, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó kúnná," ló wí.

Nafiou fi oje igi lẹ gbogbo ibi tó ti ṣí. Mounifatou wá bọ ọwọ́ sínú omi irúgbá, ó sì ń pa á lọ. Ojú obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ló fi ṣe ìkẹyìn. Ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀, Nafiou kò sì bi í léèrè ohunkóhun.

"Ṣé kí n rán àwọn ẹbí mi ní Savè sí Tata?"

"Tata ti ń retí wọn, olùfẹ́ mi. Ó ní kí obì má kéré o."

Lọ́jọ́ tí àlùfáà so yìgì wọn, gbogbo ènìyàn jáde láti sin ìyàwó. Ní ìlú wa, ìyàwó kì í bojú wẹ̀yìn tó bá ń kúrò nílé bàbá rẹ̀. Nafiou dúró lẹ́bàá ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà ni ọ̀nà gbà. Oòrùn tàn sí i, ó ń dán. Obìnrin tó ru wàrà ṣì bojú wẹ̀yìn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mounifatou rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà pẹ̀lú gèlè Tchaourou lórí. Omi irúgbá ṣì pọ́n ní èékánná rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ọkọ̀ ṣí, kò sì bojú wẹ̀yìn.