Ohun Tó Wà Nínú Ike Nurat

Báàgì oògùn ni Akíndé lọ jókòó lé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Nurat, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Topo.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde! Ẹ ti jókòó lé ìdajì àwọn obìnrin Àgbádárìgì lórí!”

Akíndé fò sókè, ọkọ̀ mì, gbogbo èrò pariwo lé e lórí. Ewé lílọ̀ ni Nurat ń rọ sínú kápúsù, tó ń tà fún àwọn obìnrin tí họ́mọ̀nù wọn ò dọ́gba. Akíndé, tíṣà ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé ní Ijanikin, kò mọ ohun tó ń jẹ́ họ́mọ̀nù. Ẹ̀rín ọmọbìnrin náà ló ṣáà rí. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ìyá Akíndé wá wo ìyàwó. Ara wọn yá mọ́ra, àfi ìgbà tí ike kan já bọ́ nínú báàgì Nurat. Màmá ṣà á, ó ka ohun tí Nurat fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i: *Ó ń dá nǹkan oṣù padà.* Ó jù ú padà sínú báàgì, ó sì dúró títí ọmọ ọlọ́mọ fi lọ.

“Akíndé, ọmọbìnrin yẹn ń ṣẹ́yún! Kí ló tún ń jẹ́ dídá nǹkan oṣù padà?”

Akíndé rò ó síwá sẹ́yìn. Oyún kẹ̀? Òun tí kò tíì sún mọ́ ọn ju dídì mọ́ra lọ! Bí oyún bá wà, ta ló ni ín? Bí kò bá sí, kí ni wọ́n ń dá padà? Ó fẹ́ bínú, kò mọ ẹni tí òun máa bínú sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Nurat ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta kápúsù.

“Nurat, ta ló lóyún?”

“Èwo ni ta ló lóyún?”

Akíndé sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un. Nurat bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

“Èmi ni mò ń lò ó, olólùfẹ́ mi. Oṣù karùn-ún rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Dókítà ní ọmọ lè pẹ́ kó tó dé. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ewé yìí ń ṣe mí lóore. Ẹ̀rù ló bà mí láti sọ fún ọ.”

Inú Akíndé dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Níkẹyìn, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó fi í sí sípíkà kí Nurat lè máa gbọ́.

“Màámi, kò sí oyún kankan. Nǹkan oṣù rẹ̀ ni kì í wá déédéé.”

Màmá béèrè pé:

“Ṣé oyún máa wà lọ́jọ́ kan?”

Akíndé wo Nurat.

“Mi ò mọ̀, màámi. Nurat ni mo mọ̀ pé mo fẹ́.”

Wọ́n gbọ́ tí ìyá náà mí kanlẹ̀.

“Gbé fóònù fún un, kí n kí ìyàwó mi.”