Oògùn Tó Fi Pamọ́ Sẹ́rẹ̀kẹ́

Ìwọ tí o máa ń ka eyín mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́nu bó bá rẹ́rìn-ín, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe. Máfọwọ́kàn ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ tábìlì rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò kó tó jẹ ẹ́. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ kan kì í dì.

Etí ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣọyún fún ọdún mẹ́ta. Dókítà ní àìsàn náà ti ń jẹ egungun. Bí wọn ò bá gé e kúrò, ọpọlọ ló kàn. Ó ní òun á fún un ní oògùn tí yóò mú ara rẹ̀ balẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ má sáré, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya bo ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́.

Máfọwọ́kàn ní ó dáa. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní wọ́n fẹ́ kí oorun gbé òun lọ, kí wọ́n lè yọ kíndìnrín òun.

Nọ́ọ̀sì fún un ní hóró oògùn méjì. Ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, ó mu omi, ó dúpẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ti yíjú, ó tu ú sínú aṣọ ìnujú. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kó mọ ìrora. Àyà rẹ̀ ń lù bíi ti ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Bí wọ́n ti la ẹ̀yìn etí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Wọ́n nù ún, ó tún kún. Ó gbọ́ tí dókítà ní òun ò rí nǹkan kan mọ́, bí òun bá gé e báyìí, iṣan ojú rẹ̀ lòun máa gé. Wọ́n bá pa iṣẹ́ tì.

Aránbàtà tí ìsọ̀ wọn kángun síra wá wò ó. Máfọwọ́kàn fa aṣọ ìnujú yọ láti fi nu òógùn rẹ̀, ni oògùn méjì bá bọ́ sílẹ̀.

Aránbàtà, tó ti gbọ́ ìdí tí iṣẹ́ náà fi dúró, wò wọ́n, ó ní, "Bí omi bá kún inú aago, ṣé wàá máa fọwọ́ wá irin inú rẹ̀ láìríran?"

"Rárá. Ṣé dókítà ló rán ọ?"

Aránbàtà rẹ́rìn-ín. "Bí o ṣe ń ṣe Jésù náà nìyí. O ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́nu, o ń dúpẹ́, o ò gbé e mì rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ etí tó ń dùn ún lọ. Máfọwọ́kàn sunkún, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Olúwa. Lọ́jọ́ náà, ojú méjèèjì ló dì.

Ó wá sọ fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo tàn yín jẹ." Nígbà kejì, ó gbé oògùn mì, ó la ẹnu fún nọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó là á. Dókítà ríran kedere. Àìsàn náà jáde.

Ìwọ ńkọ́? Kí ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ láti ọjọ́ yìí wá? Kíndìnrín rẹ kọ́ ni Jésù ń wá; ẹ̀ṣẹ̀ ló fẹ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló sì ti ta sílẹ̀. Àìsàn tó ń jẹ egungun kì í dúró de ẹni tó ń fura.

Gbé ọ̀rọ̀ Jésù mì, lónìí.